Kọ́míìkì tuntun mẹ́ta ń bọ̀ lọ́nà: èwo ni ká kọ́kọ́ sanwó rẹ̀ fún àwọn ọmọ wa l'Ádó?

Olùkọ́ Adó:
Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o, ẹ̀yin ọmọ Èkìtì Kete. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Àwọn ọmọ 14 ló máa ń wá jókòó kàwé lọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án Sátidé, ní ẹ̀yìnkùlé wa níbí l'Ádó. Èyí tó kéré jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 9, èyí tó dàgbà jù ti pé 15. Kọ́míìkì ni wọ́n fẹ́ràn ju ohunkóhun lọ. Mẹ́fà péré la ní, wọ́n sì ti kà á títí tí èèpo ẹ̀yìn fi já kúrò lára méjì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń dá kọ́míìkì tẹ̀ fúnra rẹ̀ l'Ékòó gbé àwòrán ìwé mẹ́ta jáde pé àwọn máa tó tẹ̀ wọ́n. Ojú ìwé mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n fi hàn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èkíní jẹ́ ìtàn ọmọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọdẹ. Bàbá wọ igbó kò sì padà, ọmọ gbéra ó lọ wá a. Èkejì jẹ́ ìtàn ogun ayé àtijọ́. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tún rọ́bọ́ọ̀tì ṣe l'Ékòó, lọ́jọ́ iwájú. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ wọ́n, àmọ́ Yorùbá ń jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lemọ́lemọ́.

Wọ́n ní ẹni tó bá sanwó sílẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ á rà á ní owó tó dín. Owó tí àwọn òbí dá jọ lè ra ẹ̀dà 10. Ṣé ká kó gbogbo rẹ̀ lé ìwé kan lórí ni, àbí ká pín in? Ṣé ó tiẹ̀ dáa kéèyàn sanwó ohun tí kò tíì jáde? Báwo ló sì ṣe máa dé Adó?

Ohun kan tún wà tó ń dùn mí. Nínú ojú ìwé kẹta ti ìtàn ọmọ ọdẹ, ọkùnrin kan na ọ̀kọ̀ sókè, ó pariwo pé kí wọ́n wo ọ̀kọ̀ òun. "OKO" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo wò ó títí. Ṣé kí n kọ̀wé sí wọn, àbí kí n fi wọ́n sílẹ̀ nítorí pé wọ́n ń gbìyànjú?

Ọmọ Ìkéré:
Aúńtí, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ o. Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ rárá. Àsìkò tí wọn ò tíì tẹ̀ ẹ́ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ yín níyì. Tí ìwé bá ti kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ, àṣìṣe inú rẹ̀ ni gbogbo wa á máa kà lọ.

Ní ti sísanwó sílẹ̀, mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìwé dé. Lẹ́ẹ̀kẹrin, oṣù méje ni mo fi dúró, wọn ò gbé ìpè mi mọ́. Láti ìgbà yẹn, kí n tó yọ kọ́bọ̀, mo máa ń kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n ti tẹ ìwé kankan jáde rí, màá sì wá ẹni tó rà á kàn, kí n bi í léèrè. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ wà lórí àkáǹtì, kì í ṣe orúkọ ènìyàn kan. Ẹ lè wo orúkọ náà lójú òpó CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ò ní sanwó. Ẹ gba rìsíìtì. Ẹ bi wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì bi wọ́n pé bí ọjọ́ bá yẹ̀, ṣé wọ́n á dá owó padà. Ẹni tó fẹ́ ṣòótọ́ ò ní bínú sí i.

Atẹ̀wé Òkèṣà:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nídìí owó tó dín yẹn, torí iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ọdún 18 sẹ́yìn nìyí.

Ìwé aláwọ̀ mèremère tí a bá fi ẹ̀rọ ńlá tẹ̀, irin pẹlẹbẹ mẹ́rin tí à ń pè ní pléètì la máa ń ṣe fún apá kan bébà: ti búlúù, ti pupa, ti yẹ́lò, ti dúdú. Àwọ̀ mẹ́rin yẹn ló máa ń gorí ara wọn di gbogbo àwọ̀ tí ẹ ń rí. Iye tí pléètì ń ná wa kì í yí padà, ìbáà jẹ́ ẹ̀dà 100 lẹ fẹ́ tẹ̀, ìbáà jẹ́ 2,000. Bí ẹ̀dà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni owó orí ẹyọ kan á ṣe máa wálẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ńlá lè fi owó ara rẹ̀ tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kó kó o sí ilé ẹrù, kó máa wojú ọjà. Ilé-iṣẹ́ kékeré ò rí ibẹ̀ gbà. Iye ẹni tó sanwó sílẹ̀ ló máa fi mọ̀ bóyá òun á gbé iṣẹ́ lọ sórí ẹ̀rọ ńlá, àbí òun á fi ẹ̀rọ kékeré tó ń tẹ̀ ẹ́ tààrà láti inú kọ̀ǹpútà ṣe díẹ̀. Ti ẹ̀rọ kékeré yẹn kò ní pléètì, àmọ́ owó ẹyọ kan rẹ̀ kì í wálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀dà 10 tí ẹ fojú kéré yẹn, mo ti rí iṣẹ́ tí àìsí ẹ̀dà 10 mú kó dúró.

Ẹ tún bi wọ́n nípa bí wọ́n ṣe máa dì í. Èyí tí wọ́n fi píìnì gún láàárín ló dáa fún ọwọ́ ọmọdé. Ojú ìwé irú ìyẹn gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí mẹ́rin: 24, 28, 32. Bí ìtàn ò bá kún un, ìpolówó ni wọ́n á fi dí àyè tó kù, nítorí náà ẹ bèèrè iye ojú ìwé tó jẹ́ ìtàn gan-an. Èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dì lẹ́yìn máa ń rẹwà lórí pẹpẹ, àmọ́ tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ ò bá dáa, bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ sí i lẹ́ẹ̀kan, tí ọmọ 14 sì ṣí i gbayawu, ewé rẹ̀ á máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí méjì tiyín tó já yẹn nìyẹn.

Olùkọ́ Adó:
Bẹ́ẹ̀ ni sà! Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi dì wọ́n. Ẹ ṣeun gan-an ni.

Ayàwòrán Ọ̀yẹ́:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta Aúńtí. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní FUOYE, Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà l'Ọ̀yẹ́, mo sì máa ń bá àwọn ayàwòrán to ọ̀rọ̀ sínú kọ́míìkì wọn. Ọ̀rọ̀ "oko" yẹn, mo mọ ibi tó ti wá, kì í sì í ṣe àìmọ̀kan nìkan.

Àwọn lẹ́tà tí a fi ń kọ kọ́míìkì, tí à ń pè ní fọ́ǹtì, èyí tó máa ń dà bí ẹni pé ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, èdè àwọn òyìnbó ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn fún. Ẹ máa rí á àti è níbẹ̀ torí àwọn èdè Yúróòpù náà ń lò wọ́n. Ẹ tiẹ̀ lè rí ẹ àti ọ. Àmọ́ lẹ́tà tó ní àmì lísàlẹ̀ tó tún ní àmì ohùn lórí, bí ẹ́ tàbí ọ̀, kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ètò tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà. A máa kọ́kọ́ tẹ ọ, a óò wá gbé àmì lé e lórí. Bí ẹni tó ṣe lẹ́tà náà ò bá ṣètò ibi tí àmì máa jókòó sí, ó lè fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó lè gun lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, ó sì lè di igun mẹ́rin òfìfo. Lẹ́tà ńlá sì ni wọ́n fi ń kọ ọ̀pọ̀ kọ́míìkì, àyè tó wà lókè rẹ̀ kéré. Ẹni tó ń to ọ̀rọ̀ á wò ó lóru ọjọ́ tí iṣẹ́ máa lọ sílé ìtẹ̀wé, á rí i tí gbogbo rẹ̀ dàrú, á sì yọ àmì kúrò kí iṣẹ́ lè jáde. Ibi tí Ọ̀KỌ̀ ti ń di OKO nìyẹn. Èmi náà ti ṣe é rí. Inú mi ò dùn sí i títí dòní, torí ìwé yẹn ṣì wà níta.

Tí ẹ bá ń kọ̀wé sí wọn, ẹ má kàn sọ pé wọ́n kọ ọ́ kù. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n fi gbólóhùn yìí dán fọ́ǹtì wọn wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: "Ọkọ rẹ̀ kó ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ sínú ọkọ̀." Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jáde bó ṣe yẹ, lẹ́tà náà ṣeé lò. Bí ò bá jáde, àwọn fọ́ǹtì Charis SIL, Gentium àti Noto máa ń gbé àmì Yorùbá dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọn ò jọ ìkọ̀wé ọwọ́, òótọ́ ni, àmọ́ wọ́n lè lò wọ́n fún ọ̀rọ̀ Yorùbá nìkan, kí ọ̀rọ̀ Yorùbá dá yàtọ̀ nínú ìwé. Mo ti rí i tó rẹwà bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ìkọ̀lé:
Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó ra ìwé ogun fún ọmọ ọdún 9, kí ó wo ojú ìwé rẹ̀ dáadáa. Mo ra ọ̀kan fún àwọn ìbejì mi lọ́dún tó kọjá, mi ò ṣí i wò, mo gbà pé tí wọ́n bá ti pè é ní kọ́míìkì, ti ọmọdé ni. Orí tí wọ́n gé sílẹ̀ wà ní ojú ìwé karùn-ún. Kẹ́hìndé ò sùn dáadáa fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ máa ń kọ iye ọdún ẹni tó yẹ kó kà á sẹ́yìn ìwé. Bí wọn ò bá kọ ọ́, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó sanwó.

Bàbá Ìfàkì:
Ọmọ mi, o kú akitiyan. Inú mi dùn nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ rẹ. Mo ti lé ní ẹni 70 ọdún, mo sì ń ka ìwé alàwòrán láti ìgbà tí mo ti wà léwe. Atọ́ka la máa ń dáwó jọ rà nígbà náà, àwọn òṣèré tíátà Yorùbá ni wọ́n máa ń ya ní fọ́tò, wọ́n á wá to fọ́tò náà tẹ̀ léra, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn á sì wà lójú fọ́tò. Ẹ̀dà kan, ènìyàn mẹ́jọ. Ẹni tó bá mọ̀wé kà jù lá máa kà á sókè. Ní 1975, Powerman dé. Akọni aláwọ̀ dúdú ni, ọjà wa níbí ni wọ́n ṣe é fún, àmọ́ Brian Bolland àti Dave Gibbons, àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n yà á. A gbádùn rẹ̀. Àmọ́ ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi pé ọmọ tiwa ni mo fẹ́ kó ya tiwa, nítorí náà tí mo bá gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ kan ń tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn, kò sí bí mi ò ṣe ní fi owó fẹ̀yìntì mi kún un.

Ìwé ogun yẹn, Kírìjì ni àbí òmíràn?

Olùkọ́ Adó:
Ẹ ṣeun Bàbá. Wọn ò pe orúkọ ogun náà, àmọ́ wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé "Òkè-Ìmẹ̀sí, 1880". Idà àti ọfà nìkan ló wà lọ́wọ́ gbogbo wọn nínú ojú ìwé mẹ́rin tí mo rí.

Bàbá Ìfàkì:
Kírìjì nìyẹn, ogun tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀ bá Ìbàdàn jà. Ó yẹ kí ẹ kọ èyí náà sínú lẹ́tà yín. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 ni, wọn ò tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà títí di ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886. Orúkọ rẹ̀ gan-an, ìró àgbá ni. Báwo ni ẹ ṣe máa ya ogun tí wọ́n fi ìró àgbá sọ lórúkọ, kí ó jẹ́ ọfà nìkan ni wọ́n ń ta? Àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ tó wà l'Ékòó kó ìbọn ránṣẹ́ sílé, irú èyí tí wọ́n ń ki ọta rẹ̀ láti ẹ̀yìn, èyí tó yá lọ́wọ́ ju ṣakabùlà tí wọ́n ń ki láti ẹnu lọ. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ọwọ́ Èkìtì le nínú ogun náà. Idà wà, mi ò ní kò sí. Àmọ́ kí wọ́n fi ìbọn sí i. Kí wọ́n sì má gbàgbé Fábùnmi. Òun ló kọ́kọ́ ṣíwájú wa, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, kí Ògèdèǹgbé ti Iléṣà tó wá di olórí ogun. Tí mo bá ra ìwé tó ní Òkè-Ìmẹ̀sí lábẹ́ àwòrán tí mi ò rí Fábùnmi nínú rẹ̀, ó máa dùn mí.

Ọ̀dọ́ Èmùré:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ máa bínú o. Mo mọ̀ pé tí ìwé yìí bá jáde, PDF rẹ̀ á dé orí WhatsApp láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣé kò ní dáa kí Aúńtí fi owó yẹn ra détà, kó fi kọ̀ǹpútà hàn wọ́n?

Ayàwòrán Ọ̀yẹ́:
Àbúrò, jọ̀ọ́. Ojú ìwé kan, tí mo bá jókòó tì í, mo lè lo wákàtí mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nìkan. Ẹni tó yà á lè lo ọjọ́ méjì. Ẹni tó kun ún ní ọ̀dà náà wà lọ́tọ̀. PDF tó ń kiri yẹn ò fún ẹnikẹ́ni nínú wa ní kọ́bọ̀, ìwé kejì ò sì ní jáde. Bó bá jẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lo fẹ́, èyí tí àwọn tó ni ín fúnra wọn gbé síta lọ́fẹ̀ẹ́ wà. Comic Republic tí Jide Martin dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 2013, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn ka ìwé wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni èmi gan-an ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ka ìyẹn, kí o fi èyí tí wọ́n ń tà sílẹ̀ fún ọjà.

Ọ̀dọ́ Èmùré:
Mo gbọ́, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ènìyàn mẹ́ta ló wà nídìí ojú ìwé kan.

Ọmọ Ìjerò ní Texas:
Ẹ kú ilé o. Níbí, ọ̀rọ̀ sísanwó sílẹ̀ yìí ti di bárakú fún àwọn tó ń ka kọ́míìkì. Àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń kéde ìwé wọn ní nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta kó tó jáde. Ṣọ́ọ̀bù á sọ iye tó fẹ́ gbà, ó sì ní ọjọ́ kan, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìwé tó jáde, tí wọn ò ní gba àtúnṣe mọ́ lórí iye yẹn. Ọjọ́rú ni ìwé tuntun máa ń dé. Ṣọ́ọ̀bù kì í sì í lè dá ìwé tí kò tà padà lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà ẹ̀rù máa ń bà á láti gba ìwé ilé-iṣẹ́ tí kò lórúkọ. Bí èmi ò bá lọ sọ fún wọn ṣáájú pé mo fẹ́ ẹ, wọn ò ní gbé e wá. Dark Horse, ilé-iṣẹ́ kọ́míìkì kan ní Amẹ́ríkà níbí, láti 1986 ló ti wà nínú ìdààmú yìí. Image náà, tí àwọn ayàwòrán méje dá sílẹ̀ ní 1992 torí pé wọ́n fẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wọn jẹ́ tiwọn, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ní oṣù kíní 2025, Diamond tó ti ń kó ìwé fún àwọn ṣọ́ọ̀bù láti ọdún gbọọrọ wọ gbèsè débi tí ó fi lọ sílé ẹjọ́ láti wá ààbò, ìdààmú sì dé bá àwọn kéékèèké jù.

Mo sọ èyí nítorí kọ́míìkì kan tó ń jẹ́ Iyanu. Roye Okupe, ọmọ Èkó tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́, Godwin Akpan ló yà á. Okupe ti dá YouNeek Studios sílẹ̀ láti 2012, ó ń tẹ ìwé rẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọn ènìyàn bíi tiwa ló sì ń sanwó sílẹ̀. Ní 2021 ni Dark Horse bẹ̀rẹ̀ sí í bá a tẹ̀ ẹ́, ìwé kíní Iyanu sì jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Ní oṣù kẹrin 2025 ó ti di kàtúùnù lórí Cartoon Network. Àwọn ọmọ mi ń wò ó, wọ́n ń bi mí pé "Daddy, kí ni ìtumọ̀ orúkọ yìí?" Ibi tí mo ti rí àyè kọ́ wọn ní Yorùbá nìyẹn. Ẹni tó sanwó sílẹ̀ kí Dark Horse tó dá sí i, òun ló gbé e débẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ìwé Iyanu fúnra rẹ̀, ẹ má rà á láti ibí. Owó ìfiránṣẹ́ á ju owó ìwé lọ. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tàwé l'Ékòó.

Ìyá Ìbejì, Ìkọ̀lé:
Aúńtí, ṣé ẹ ti fi ojú ìwé yẹn han àwọn ọmọ? Àwọn ló máa kà á.

Ọmọ Ìkéré:
Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin sọ òótọ́. Ẹ tẹ ojú ìwé mẹ́rin yẹn sórí bébà, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó.

Mo tún fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ Bàbá. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé kọ́míìkì kì í ṣe ohun tiwa. Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, agbẹ́gilére, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan sí ààfin Ògògà, ọba wa níbí n'Ìkéré. Ó pín igi sí ìpele ìpele. Nínú ọ̀kan, Ògògà jókòó pẹ̀lú adé, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, Ambrose, òyìnbó ìjọba, ń bọ̀, àwọn ènìyàn gbé e. Ìpele kan tẹ̀ lé òmíràn, ẹ sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láìsí ẹni tó sọ fún yín. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí London fún àfihàn ní 1924, ó sì wà ní British Museum títí di òní. Fọ́tò rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo máa ń fi han àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kí n tó fún wọn ní kọ́míìkì èyíkéyìí, mo sì máa ń ní kí wọ́n sọ ìtàn náà fún mi. Ẹ lè gbìyànjú ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Olùkọ́ Adó:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ṣe é lánàá. Mo kọ́kọ́ fi ilẹ̀kùn Ọlọ́wẹ̀ hàn wọ́n. Ọmọ ọdún 11 kan ní obìnrin tó dúró lẹ́yìn ọba ga ju ọba lọ, ó ní òun rò pé òun ló ń ṣọ́ ọ. A lo ìṣẹ́jú 40 lórí ilẹ̀kùn nìkan, mi ò rò ó tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo pín ojú ìwé tí ilé-iṣẹ́ yẹn gbé jáde. Ohun tí wọ́n sọ, mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ti rọ́bọ́ọ̀tì, àwọn ọkùnrin mẹ́ta fẹ́ ẹ gan-an, àwọn tó kù ní ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti pọ̀ jù, àwòrán kò ráyè mí. Ti ogun, àwọn tó ti lé ní ọdún 12 ló fẹ́ ẹ. Mo yẹ̀ ẹ́ wò bí Ìyá Ìbejì ṣe wí. Kò sí orí tí wọ́n gé, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ wà, nítorí náà mi ò fún àwọn kéékèèké.

Ti ọmọ ọdẹ ni gbogbo wọn dojú kọ. Wọ́n ka ojú ìwé mẹ́rin yẹn bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Wọ́n ní bàtà wo ni ọmọbìnrin yẹn wọ̀ tó fi ń rìn nínú igbó tí bàtà ò dọ̀tí? Wọ́n ní ajá ọdẹ wà níbẹ̀, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò pe orúkọ rẹ̀? Ẹni tó bá ní ajá láyé àtijọ́ máa ń sọ ọ́ lórúkọ tó jẹ́ òwe, bàbá ọ̀kan nínú wọn ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ọmọ ọdún 9 wa, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, ló wá bi mí pé ṣé ìyá àgbà inú ìtàn náà kò lè sọ "ulé" dípò "ilé", torí bí ìyá àgbà tòun ṣe ń pè é nìyẹn. Omi bọ́ lójú mi, mi ò ní purọ́.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà kan: ọ̀kọ̀, gbólóhùn ìdánwò, ìbọn Kírìjì àti Fábùnmi, bàtà, ajá, ulé. Mo kọ́kọ́ yìn wọ́n fún ohun tó dáa, torí ó pọ̀. Igbó tí wọ́n yà, ẹ máa rí ìrì lára ewé rẹ̀.

Atẹ̀wé Òkèṣà:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ni wọ́n wí nípa dídì rẹ̀?

Olùkọ́ Adó:
Wọ́n fèsì lọ́jọ́ kejì. Píìnì ni, ojú ìwé 32, 28 jẹ́ ìtàn. Wọ́n ní wọ́n ṣì ní ọjọ́ 16 kí iṣẹ́ tó lọ sílé ìtẹ̀wé, wọ́n sì dúpẹ́ gidigidi. Ìwé ogun, wọ́n ní àwọn á sún un síwájú díẹ̀ kí àwọn tún un yà, nítorí ọ̀rọ̀ ìbọn yẹn. Wọ́n fi ojú ìwé kẹta ti ọmọ ọdẹ tí wọ́n tún ṣe ránṣẹ́ sí mi. Bàtà ti dọ̀tí. Ajá ti ní orúkọ. Àmọ́ "ỌKỌ̀" ni wọ́n kọ sí ọwọ́ ọkùnrin yẹn báyìí.

Ayàwòrán Ọ̀yẹ́:
Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀, àmọ́ ọkọ̀ ló nà sókè yìí. Ó ku àmì kan lórí ọ ti àkọ́kọ́. Ìyẹn fi hàn pé lẹ́tà wọn ti ń gbé àmì, ẹni tó mọ ohùn ló kù. Aúńtí, ẹ fún wọn ní àdírẹ́sì ímeèlì mi. Mo máa ka gbogbo Yorùbá inú ìwé méjèèjì fún wọn kí ọjọ́ 16 yẹn tó pé, mi ò ní gba owó. Mo ní ìwé kan níta tí mo yọ àmì rẹ̀ kúrò, mo fẹ́ fi èyí ṣe àtúnṣe rẹ̀.

Bàbá Ìfàkì:
Olúwa á bù kún ọwọ́ rẹ, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ "ulé" ńkọ́, ṣé wọ́n gbà á?

Olùkọ́ Adó:
Wọ́n gbà á, Bàbá. Wọ́n ní kí a fi bí ìyá àgbà ọmọ náà ṣe ń sọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn. Mo máa lọ gba ohùn màmá sórí fóònù lọ́jọ́ Ẹtì, tí wọ́n bá gbà fún mi.

Ní ti owó, a ti pinnu: ọmọ ọdẹ 7, kí ọmọ méjì méjì máa jọ ka ẹyọ kan. Rọ́bọ́ọ̀tì 1 fún àwọn mẹ́ta yẹn. Owó ẹ̀dà 2 tó kù, a óò fi pa mọ́ de ìwé ogun.

Ọmọ Ìkéré:
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ gbé e wá, wébíìlì láti gáréèjì l'Ékòó ló rọrùn jù. Ẹ ní kí wọ́n fi nylon wé e lẹ́ẹ̀mejì torí òjò, kí wọ́n fi páálí sí i lókè àti nísàlẹ̀ kí igun rẹ̀ má ká, kí wọ́n kọ nọ́ńbà yín síta gàdàgbà, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà dẹ́rẹ́bà ránṣẹ́ sí yín kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ wà ní gáréèjì kí ọkọ̀ tó dé.

Bàbá Ìfàkì:
Fi 2 kún ọmọ ọdẹ fún mi, mo ti fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Ọ̀kan tèmi, ọ̀kan ti ọmọ ọdún 9 yẹn, kó mú un lọ ka fún ìyá àgbà rẹ̀.

Olùkọ́ Adó:
Mo ti rí i, Bàbá. 9 ni mo kọ ránṣẹ́ sí wọn báyìí. Bí wébíìlì bá ti dé, màá wá sọ níbí.